Ẹni Tó Jókòó Ti Eléèébú

Láti 1997 di 2015 ni Torii Hunter fi gbá bésíbọ́ọ̀lù láàárín àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló gba Gold Glove, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í tàsé bọ́ọ̀lù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń wá a. Síbẹ̀, ìlú kan wà tó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn òun pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi òun ránṣẹ́ sí. Boston ni. Ní oṣù kẹfà 2020 ló sọ ìdí rẹ̀ lórí rédíò. Ó ní ìgbà tí wọ́n ti fi èébú tó burú jù lọ tí wọ́n ń bú adúláwọ̀ pe òun ní Boston tó ọgọ́rùn-ún. Ó ní ọmọdé wà lára àwọn tó ń pe òun bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà tó jókòó tì wọ́n ò sì sọ nǹkan kan.

Ẹgbẹ́ Red Sox, tó ni pápá Fenway, ò bá a jiyàn. Wọ́n kọ ọ́ síta pé òótọ́ lohun tí ojú Hunter rí. Wọ́n ní ní 2019 nìkan, ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n mú ẹjọ́ òǹwòran tó ń fi àwọ̀ bú èèyàn wá sọ́dọ̀ àwọn, èyí tó sì dé etí àwọn nìyẹn. Ẹni tó bá mọ bí òbí ṣe ń gbé èébú mì kó má bàa ba fàájì àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ á mọ̀ pé èyí tí kò dé etí wọn ju méje lọ.

Ìpàdé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá tó kọjá ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀dọ́ dábàá pé kí ẹgbẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí òbí àti ọmọ jọ lọ wo Red Sox nígbà ìsinmi iléèwé. Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí ni a fẹ́ lọ ṣe níbi tí wọ́n ti ń bú èèyàn, àbí owó ló pọ̀ lọ́wọ́ wa tí a fi fẹ́ lọ ra ìwọ̀sí? Àwọn mìíràn ní kò séwu kankan, pé ìjà àárín òyìnbó àti àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ yìí ni, pé àwa ọmọ Yorùbá mọ ibi tí a ti wá, ẹni tó bá bú wa, ara rẹ̀ ló bú. Alága ní ká so ìdìbò rọ̀ di ìpàdé tó ń bọ̀. Èrò wa lójú ewé yìí ni pé ká lọ. Ṣùgbọ́n ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti àwọn tó ní ọ̀rọ̀ náà ò kàn wá.

Orúkọ burúkú ìlú kì í ti ẹnu eléèébú nìkan wá. Aláìmọ̀wàáhù ò wọ́n nílùú kankan láyé. Ohun tó ń mú kí eléré kọ ìlú sínú ìwé pé òun ò lọ ni ìwà ẹni tó ni pápá, àti ìwà ẹni tó jókòó ti eléèébú. Ẹ jẹ́ ká yẹ ìtàn wò.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 1945, adúláwọ̀ mẹ́ta wá fi ara wọn hàn ní Fenway: Jackie Robinson, Sam Jethroe àti Marvin Williams. Kì í ṣe Red Sox ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Isadore Muchnick, ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ ìlú Boston, ló halẹ̀ pé òun ò ní fọwọ́ sí i kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú mọ́ bí wọn ò bá fún adúláwọ̀ láyè. Wendell Smith, akọ̀ròyìn Pittsburgh Courier, ló kó àwọn ọkùnrin náà wá. Wọ́n sá, wọ́n gbá, wọ́n mú. Red Sox ní kí wọ́n máa lọ, pé àwọn á ránṣẹ́ pè wọ́n. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Robinson wọ Brooklyn Dodgers, ó sì di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Jethroe padà sí Boston ní 1950, ṣùgbọ́n Braves ló gbà á, ẹgbẹ́ kejì tó wà nílùú náà nígbà yẹn. Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n yàn án gẹ́gẹ́ bí ẹni tuntun tó peregedé jù lọ nínú ìdíje National League. Ní ti Red Sox, tí Tom Yawkey ti ń darí láti 1933, wọn ò fi adúláwọ̀ kankan sórí pápá títí di 21 oṣù keje 1959, nígbà tí Pumpsie Green wọlé. Nínú ẹgbẹ́ 16 tó wà nígbà náà, àwọn ló kẹ́yìn pátápátá, ọdún 12 lẹ́yìn Robinson.

Àwọn agbèjà Yawkey máa ń sọ pé ayé ìgbà náà ló rí bẹ́ẹ̀, pé àwọn òǹwòran ni kò ní gbà. Àwíjàre lásán ni. Nílùú kan náà, ní 1950, Celtics, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì, mú Chuck Cooper, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ NBA kankan yàn. Ní 18 oṣù kìíní 1958, Willie O'Ree wọ aṣọ Bruins, ó sì di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú họ́kì NHL. Ní 26 oṣù kejìlá 1964, Celtics fi adúláwọ̀ márùn-ún bẹ̀rẹ̀ eré, ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí nínú NBA. Ní 1966, wọ́n fi Bill Russell ṣe olùkọ́ni, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn nínú NBA. Boston kan náà ni, àwọn òǹwòran kan náà ni. Níbi tí aláṣẹ ti ṣílẹ̀kùn, èèyàn wọlé. Níbi tó ti tì í, ọdún mẹ́rìnlá ló kọjá lórí ẹjọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tó ṣí sórí pápá ò túmọ̀ sí pé ti àdúgbò ṣí. Ẹ wo Russell fúnra rẹ̀. Ọdún 13 ló fi gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún Celtics, ife 11 ló bá wọn gbà. Kò sí eléré mìíràn tó gbá tó gba jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú NBA títí di òní. Reading, ìlú kékeré kan lápá àríwá Boston, ló kó ìdílé rẹ̀ lọ. Àwọn kan já wọ ilé náà nígbà tí wọn ò sí níbẹ̀. Wọ́n fọ́ àwọn ẹ̀bùn tó gbà, wọ́n kọ èébú sára ògiri, wọ́n sì yàgbẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì òun àti ìyàwó rẹ̀. Karen, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló kọ ìtàn náà sínú New York Times ní 1987. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nígbà tí Celtics fẹ́ gbé nọ́ńbà 6 rẹ̀ kọ́ òkè gbọ̀ngàn ní 1972, Russell ní àfi kí wọ́n ṣe é kí òǹwòran tó wọlé. Àwọn tó bá a gbá bọ́ọ̀lù nìkan ló fẹ́ rí.

Ní 2013, wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ sí gbàgede City Hall. Gbàgede yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1974, adájọ́ Arthur Garrity pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi bọ́ọ̀sì gbé àwọn ọmọ iléèwé láti àdúgbò kan lọ sí òmíràn, kí iléèwé dúdú àti ti funfun lè dàpọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ dúdú dé South Boston, òkúta ni wọ́n fi pàdé bọ́ọ̀sì wọn. Ní 5 oṣù kẹrin 1976, Ted Landsmark, agbẹjọ́rò adúláwọ̀, ń kọjá lọ sí ìpàdé kan ní gbàgede náà nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó ń wọ́de tako bọ́ọ̀sì ká a mọ́. Wọ́n fọ́ imú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì fi ọ̀pá àsíá Amẹ́ríkà dojú kọ ọ́. Stanley Forman ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò náà sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1977. Àwọn eléré dúdú káàkiri Amẹ́ríkà rí i. Nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án 1990, Dee Brown, ọ̀dọ́ tí Celtics ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Wellesley, ìlú kan nítòsí Boston. Àwọn ọlọ́pàá na ìbọn sí i, wọ́n ní kó dojú bolẹ̀, nítorí wọ́n rò pé òun ló ja báńkì. Báyìí ni orúkọ ìlú ṣe ń dé inú yàrá tí àwọn eléré ti ń pààrọ̀ aṣọ, tí ẹni tó ti débẹ̀ ń kìlọ̀ fún ẹni tí kò tíì dé.

Ọdún 2017 ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún, Adam Jones ti Baltimore Orioles sọ pé àwọn kan ní Fenway fi èébú tí wọ́n fi pe Hunter pe òun láìmọye ìgbà, pé ẹnì kan sì ju àpò ẹ̀pà sí òun. Gbogbo ìlú gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Mookie Betts, adúláwọ̀ tó ń gbá fún Red Sox, bẹ àwọn òǹwòran pé kí wọ́n dìde fún Jones. Wọ́n dìde lóòótọ́. Chris Sale, tó yẹ kó ju bọ́ọ̀lù sí i, kúrò lórí òkìtì, ó dúró kí àtẹ́wọ́ náà lè pẹ́. Àwòrán rẹ̀ kárí ayé, inú àwọn ará Boston sì dùn sí ara wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ọmọ Kenya kan, obìnrin, ló kọ orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan tó mú ọmọ rẹ̀ kékeré wá wòran gbọ́ tí ọkùnrin tó wà nítòsí rẹ̀ ń fi èébú adúláwọ̀ sọ̀rọ̀ nípa bí obìnrin náà ṣe kọrin. Ó bi í pé kí lo sọ? Ọkùnrin náà tún un sọ. Bàbá yìí dìde, ó pe òṣìṣẹ́ pápá. Wọ́n mú eléèébú jáde. Lọ́jọ́ kejì, Sam Kennedy, ààrẹ Red Sox, kéde pé ọkùnrin náà ò gbọdọ̀ wọ Fenway mọ́ títí ayé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé méjèèjì yẹ̀ wò. Fenway ń gba èèyàn tó lé ní 37,000. Àtẹ́wọ́ ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kódà eléèébú lè dìde bá wọn pàtẹ́wọ́, kó sì jókòó padà. Bàbá yẹn ò mọ̀ bóyá ọkùnrin náà máa gbá òun létí níṣojú ọmọ òun. Ó dìde bẹ́ẹ̀ náà, ohun tó sì ṣe ló gbé ẹnì kan kúrò ní pápá títí láé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbà ló ti jókòó sí Fenway láti ọdún gbọọrọ tí orí ọmọ ń wọ́ níwájú wọn, Hunter sì ti sọ èyí tó ká òun mọ́ níbẹ̀.

Ìdí tó fi rọrùn láti dákẹ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí èébú náà bá kì í sábà sí nítòsí. Adúláwọ̀ ò pọ̀ lórí ìjókòó Fenway. Ìbẹ̀rù wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n owó náà wà ńbẹ̀. Ní 2015, Federal Reserve Bank ti Boston gbé ìwádìí jáde lórí dúkìá àwọn ìdílé àgbègbè yìí. Bí a bá to àwọn ìdílé òyìnbó láti orí olówó dé orí tálákà, ẹni tó bọ́ sí àárín ní dúkìá $247,500 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbèsè. Bí a bá to àwọn ìdílé adúláwọ̀ tó jẹ́ ọmọ bíbí Amẹ́ríkà, ẹni tó bọ́ sí àárín ní $8. Dọ́là mẹ́jọ ò ra ìjókòó ní Fenway, kò ra ilé sí Wellesley. Jaylen Brown ti Celtics mọ èyí. Nígbà tó fọwọ́ sí àdéhùn $304 mílíọ̀nù ní 2023, tí í ṣe èyí tó tóbi jù lọ nínú NBA nígbà yẹn, ohun tó sọ ni pé òun fẹ́ kí ọrọ̀ àwọn adúláwọ̀ ìlú yìí gbèrú, ó sì dá Boston XChange sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e láti máa ran àwọn oníṣòwò lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìjà àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni, ṣé ẹ rántí ẹni tó kọrin lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ọmọ Áfíríkà bíi tiwa ni. Ẹni tó bú u ò wo páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹ tún wo eré Boston Marathon 2023. Evans Chebet àti Hellen Obiri, ọmọ Kenya méjèèjì, ló gbẹ̀yẹ. Gbogbo ìlú pariwo fún wọn. Lọ́jọ́ kan náà, ní Newton, àwọn ọlọ́pàá tò síwájú àwọn adúláwọ̀ àtàwọn aláwọ̀ mìíràn tó wá pariwo fún àwọn asáré ẹgbẹ́ wọn ní máìlì 21, wọ́n fi ara wọn ṣe ọgbà yí wọn ká. Boston Athletic Association tó ń ṣètò eré náà bẹ̀ wọ́n lẹ́yìn náà, àwọn kan nínú wọn sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ẹsẹ̀ adúláwọ̀ tó ń sáré dùn ún wò. Ara adúláwọ̀ tó dúró lẹ́bàá títì ni wọ́n ń ṣọ́.

Gbèsè mìíràn tún wà lọ́rùn wa. Òfin 1965 tó ṣílẹ̀kùn Amẹ́ríkà fún àwọn èèyàn Áfíríkà, ìjàǹgbara àwọn adúláwọ̀ ilẹ̀ yìí ló ṣí ọ̀nà fún un. Àwọn tó jà á ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa lè gba físà, kí a lè ra ilé sí Randolph àti Brockton, kí àwọn ọmọ wa lè wọ aṣọ Celtics lọ sí iléèwé. Ká wá máa sọ pé ọ̀rọ̀ wọn ò kàn wá, ìwà abaraámóorejẹ ni.

Àwọn kan á ní ṣé Boston nìkan ni? Rárá o. Ní 2019, òǹwòran kan ní Salt Lake City sọ̀rọ̀ àbùkù sí Russell Westbrook, adúláwọ̀ tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì nínú NBA, Utah Jazz sì lé òǹwòran náà títí láé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Boston Globe bi àwọn adúláwọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà léèrè ní 2017 pé nínú ìlú ńlá mẹ́jọ, èwo ló kéré jù nínú gbígba adúláwọ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, Boston ni wọ́n dárúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìlú yìí, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe fẹ́ràn rẹ̀, kò ní fi ìwà burúkú ìlú ẹlòmíì tu ara rẹ̀ nínú. A ò sì sọ pé kò sí àyípadà. Red Sox fúnra wọn ló béèrè ní 2018 pé kí wọ́n yọ orúkọ Yawkey kúrò ní títì tó wà lẹ́bàá pápá, ó sì ti padà di Jersey Street. Ní 2022, Bruins gbé nọ́ńbà 22 ti O'Ree kọ́. Àwọn aláṣẹ ti ń ṣe díẹ̀ nínú tiwọn. Orí ìjókòó ni iṣẹ́ kù sí.

Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká lọ. Bí a bá yẹra, ibẹ̀ á máa jẹ́ ti ẹni tó ń bú wa. Bí a bá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu á wúwo láti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ ní ọgbọ̀n tàbí ogójì, ká ra ìjókòó sójú kan, bàbá, ìyá, ọmọ, àwọn tó mọ òfin bésíbọ́ọ̀lù àti àwọn tí kò mọ ọ̀n. Kí ìgbìmọ̀ béèrè ṣáájú lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ pápá bí a ṣe ń fẹjọ́ sùn àti nọ́ńbà tí a lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí láti orí fóònù. Bí ẹnikẹ́ni bá bú èèyàn, ìbáà jẹ́ àwa, ìbáà jẹ́ eléré, ìbáà jẹ́ ọmọ Haiti tó jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn wa, kí ẹnikẹ́ni má ṣe nawọ́ ìjà. Ẹ wo nọ́ńbà ìjókòó rẹ̀ àti aago tó lù, kí ẹ pe òṣìṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fi lẹ́tà tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kejì, nítorí ohun tí a kò bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọn á kà á sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Kí a tó lọ, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹnu tiwa náà. Àwọn ọmọdé tí Hunter gbọ́ èébú lẹ́nu wọn, ẹnu àgbà ni wọ́n ti kọ́ ọ. Àwọn ọmọ wa náà ń gbọ́ ohun tí à ń sọ lórí WhatsApp àti nínú mọ́tò nípa adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, nípa àwọn tó ń sọ Spanish, nípa àwọn Lárúbáwá. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ irú rẹ̀ níbi ayẹyẹ wa, ẹ̀rín la máa ń rín. Bí a bá fẹ́ kí òyìnbó tó jókòó ti eléèébú ní Fenway dìde, kí àwa náà má ṣe rẹ́rìn-ín mọ́ lórí tábìlì tiwa.

Ẹ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀ lásìkò, kí ẹ sì dìbò pé ká lọ. Kí ẹni tó bá dìbò bẹ́ẹ̀ mú owó tíkẹ́ẹ̀tì ti ìdílé rẹ̀ dání fún akápò. A tún fẹ́ òbí mẹ́fà, ọkùnrin àti obìnrin, tó máa gbà láti jókòó sí etí ìlà, níbi tí wọn ò ti ní kọjá lórí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bí ó bá di dandan kí wọ́n dìde.